Bí A Ṣe Lè Rán Àgọ́ Ẹnì Kan Tí Òjò Kò Ní Wọ̀

Omi lé ẹ̀yin ará wa ní Yemetu kúrò nílé. Ọ̀pọ̀ nínú yín fẹ́ sùn nítòsí ilé nígbà tí ògiri ṣì ń gbẹ, kí ẹ lè ṣọ́ ẹrù tó kù. Àgọ́ kékeré tó gba ẹnì kan kò wúwo: bí omi bá tún dé, ẹ ó ká a sábẹ́ apá, ẹ ó sì máa lọ.

Aṣọ: Ẹ ra yáàdì 6¼ aṣọ rénkóòtì tó fẹ̀ ní ínṣì 60. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ká igun rẹ̀ bí abọ́, kí ẹ bu omi sí i. Bí ó bá jò láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ má rà á.

Gígé: Ẹ gé e sí mẹ́ta: yáàdì 2½, yáàdì 2½ àti ínṣì 45. Ti àkọ́kọ́ ni òrùlé. Ẹ má là á. Bí a bá rán aṣọ pọ̀ ní góńgó orí àgọ́, ibẹ̀ ni òjò máa ń gbà wọlé. Ẹ la èkejì sí méjì lóòró, kí ẹ rán wọn mọ́ ẹ̀gbẹ́ òrùlé. Ní ti ẹ̀kẹta, ẹ fa ìlà láti igun ìsàlẹ̀ méjèèjì lọ sí àárín òkè, kí ẹ gé e. Èyí tó wà láàárín ni ẹ̀yìn àgọ́. Méjì tó bọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni ìlẹ̀kùn. Ẹ gé ínṣì 6 kúrò ní ṣóńṣó ẹ̀yìn náà, kí ẹ fi àwọ̀n ẹ̀fọn dí i, kí atẹ́gùn lè wọlé.

Rírán: Bí páànù ṣe ń gun ara wọn ni kí aṣọ ṣe: ti òkè gun ti ìsàlẹ̀. Ẹ ṣẹ́ etí wọn wọ inú ara wọn, kí ẹ rán an lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹnu ìṣẹ́po kọjú sílẹ̀. Ẹ fi àbẹ́là pa ojú rírán nínú àti lóde. Ẹ rán okùn mọ́ ìpẹ̀kun òrùlé méjèèjì àti etí ìsàlẹ̀.

Títa: Ẹ so orí rẹ̀ mọ́ igi méjì, ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 3½ sókè, kí ẹ fi èèkàn kan etí ìsàlẹ̀ mọ́lẹ̀. Tapólì tí ẹ tẹ́ sílẹ̀ kò gbọ́dọ̀ yọ síta, kó má baà gba omi sínú. Ẹ má ta àgọ́ sétí odò tàbí gọ́tà, bó ti wù kí ibẹ̀ gbẹ tó. Omíyalé 31 oṣù Kẹjọ 1980 àti ti 26 oṣù Kẹjọ 2011 kọ́ wa lọ́gbọ́n: ìparí oṣù Kẹjọ ni méjèèjì, òjò oṣù Kẹsàn-án àti Kẹwàá sì ṣì wà lẹ́yìn.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbé èédú, sítóòfù tàbí àbẹ́là tó ń jó wọ inú rẹ̀, kódà bí òtútù bá ń mú yín. Aṣọ yìí máa ń tètè gbiná. Èédú sì ní gáàsì kan tí kò ní òórùn. Ẹni tó sùn kì í mọ̀ kó tó pa á.

Ẹni tí kò ní ẹ̀rọ ìránṣọ, kó bá télọ̀ àdúgbò sọ̀rọ̀. Àgbàlagbà ni kí ẹ kọ́kọ́ rán tirẹ̀. Kí Olúwa dá gbogbo yín padà sílé láyọ̀.