Kí Ni Ẹja Fi Ń Lúwẹ̀ẹ́?



Ọdún púpọ̀ ni mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ pé bí apẹja ti ń fi àjẹ̀ wa ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹja ń fi lẹbẹ wa ara rẹ̀. Ní ọjọ́ kan, a fi ẹpìyà kan tó wà láàyè sínú báàfù omi ní kíláàsì. Ọmọdébìnrin kan wò ó títí, ó ní, "Tíṣà, ẹ wò ó! Bó bá fẹ́ sáré, ńṣe ló ń pa lẹbẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mọ́ra."

Mo wò ó, òótọ́ ni. Ta ní í gbé àjẹ̀ sílẹ̀ nígbà tó fẹ́ sáré? Èmi tíṣà ni mo ṣìnà.

Inú ẹran ara ẹja ni agbára eré rẹ̀ wà. Bí ẹ bá ń jẹ ẹja sísè, ẹ kíyè sí i pé ẹran rẹ̀ ń ṣí ní ìpele-ìpele. Iṣan ni ìpele wọ̀nyí. Wọ́n tò sí ọ̀tún àti òsì egungun ẹ̀yìn, láti orí dé ìrù. Bí ti ọ̀tún bá súnkì, ti òsì a dẹ̀, ara a sì tẹ̀ sí ọ̀tún. Lẹ́yìn náà, ti òsì a súnkì. Báyìí ni ara ẹja ń tẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ìgbì, láti iwájú lọ sẹ́yìn. Ìrù a ti omi sẹ́yìn, omi a sì ti ẹja síwájú.

Ẹ tún wo ẹja ṣàwá. Ẹran dúdú kan ń bẹ lábẹ́ awọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Òun ló ń lò fún ìrìn jẹ́jẹ́, kì í sì í tètè rẹ̀ ẹ́. Ẹran tó mọ́ wà fún eré àsápajúdé, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ tó fi ń rẹ̀ ẹ́.

Kí wá ni iṣẹ́ lẹbẹ? Ti ẹ̀yìn àti ti abẹ́ kì í jẹ́ kí ẹja yí gbiri. Ti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ló fi ń yà, tó fi ń dúró, tí ẹpìyà sì fi ń rọra sún. Ti ìrù ló ń mú kí ìrù fẹ̀ tó láti ti omi.

Ní ọjọ́ kejì, mo jẹ́wọ́ fún kíláàsì pé ohun tí mo ti ń kọ́ wọn kò pé. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Bí ẹ bá dé etí odò, ẹ wo ìrù kí ẹ tó wo lẹbẹ.

Ó dàbọ̀ o.