Àpò Sìmẹ́ǹtì Mẹ́ta: Bí Nàìjíríà Ṣe Di Ọ̀gá Nínú Irin Gbígbé

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí gbogbo wa mọ̀. Bí ẹ bá gba ọ̀nà Ìgàndò lọ sí Ìkọ̀tún, ẹ ò ní ṣàì rí àwọn alágbàrù tó ń já sìmẹ́ǹtì níwájú ṣọ́ọ̀bù. Àpò kan jẹ́ kílò 50. Ọkùnrin tó sanra dáadáa á gbé ẹyọ kan lé èjìká, a ó sì máa rí i bí òógùn ṣe ń bò ó. Ẹ wá ro ó wò pé obìnrin kan fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, kò lè fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀, ọwọ́ méjì nìkan ló fi ti ìwọ̀n àpò mẹ́ta sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí Onyinyechi Mark ṣe nìyẹn níbi ìdíje Paralympics ní Paris lọ́dún 2024. Kílò 150 ló gbé, ìpele àwọn tí kò ju kílò 61 lọ ló sì ti díje. Títí di ọjọ́ náà, kò tíì sí obìnrin ìpele rẹ̀ tó gbé tó bẹ́ẹ̀ rí lágbàáyé.

Ìlú Paris yìí kan náà ni ikọ̀ wa ti lọ díje nínú Olympics ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ṣáájú. Ọwọ́ òfo ni wọ́n mú bọ̀. Àwọn akàndá ẹ̀dá ló gba àmì ẹ̀yẹ méje wálé: wúrà 2, fàdákà 3, idẹ 2.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé oríire ọjọ́ kan ni, kó wo ẹ̀yìn wò. Ní London lọ́dún 2012, Olympics kò fún wa ní nǹkan kan, àmọ́ Paralympics fún wa ní àmì ẹ̀yẹ 13, wúrà 6 wà nínú rẹ̀. Ní Rio lọ́dún 2016, ikọ̀ bọ́ọ̀lù nìkan ló gba idẹ kan ní Olympics. Ní Paralympics, àmì ẹ̀yẹ 12 ni, wúrà 8. Nínú wúrà mẹ́jọ yẹn, mẹ́fà wá láti inú irin gbígbé.

Kí ló dé tó fi jẹ́ irin gbígbé? Ìbéèrè tí mo fẹ́ dáhùn nìyẹn.

Bí wọ́n ṣe ń gbé e

Eré náà kò lọ́jú pọ̀. Eléré á fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì tó gùn tó láti gba gbogbo ara àti ẹsẹ̀ rẹ̀. Wọ́n lè fi bẹ́líìtì de ẹsẹ̀ mọ́ ọn kó má baà yẹ̀. Á gba irin sọ́wọ́, á dúró de àṣẹ, á sọ̀ ọ́ kalẹ̀ dé àyà. Níbẹ̀, irin gbọ́dọ̀ dúró jẹ́ẹ́. Lẹ́yìn náà ni á wá tì í sókè, ọwọ́ méjèèjì lọ́gbọọgba, títí apá á fi nà tán. Bí ọwọ́ kan bá ṣáájú èkejì, ó ti bà jẹ́.

Adájọ́ mẹ́ta ló ń wò ó. Iná funfun túmọ̀ sí pé ó dára, iná pupa túmọ̀ sí pé kò dára. Ó kéré tán, iná funfun méjì gbọ́dọ̀ tàn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni eléré láǹfààní láti gbìyànjú.

Ohun tó yà á sọ́tọ̀ ni pé wọn kì í pín àwọn eléré sí ọ̀wọ́ gẹ́gẹ́ bí irú ìpalára tó wà lára wọn, bí wọ́n ṣe ń ṣe nínú eré sísá. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ àti ẹni tí wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀ lè jọ díje. Ìwọ̀n ara nìkan ni wọ́n fi ń pín wọn.

Ilẹ̀kùn méjì tó ṣí lọ́dún 2000

Àwọn ọkùnrin ti ń gbé irin ní Paralympics láti ọdún 1964, àmọ́ ọdún 2000 ní Sydney ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba àwọn obìnrin láyè. Sydney yìí kan náà ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe triathlon ní Olympics, ìyẹn eré tí ènìyàn á ti lúwẹ̀ẹ́, á gun kẹ̀kẹ́, á sì sáré láìsinmi. Ilẹ̀kùn méjì ló ṣí lọ́dún kan náà, ẹ sì wo ẹni tó gba ọ̀kọ̀ọ̀kan wọlé.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló jẹ èrè triathlon. Alistair Brownlee gba wúrà ní London àti ní Rio, ẹgbẹ́ wọn gbà á ní Tokyo, Alex Yee sì gbà á ní Paris. Akíkanjú ni wọ́n, àmọ́ adágún ìlúwẹ̀ẹ́, kẹ̀kẹ́ olówó iyebíye àti ọ̀nà tí ọkọ̀ kò ní gbá èèyàn wà nílẹ̀ fún wọn. Ta ló fẹ́ fi kẹ̀kẹ́ ṣe ìdánrawò ogójì kílómítà ní ojú ọ̀nà Ìkọ̀tún?

Tiwa ni ilẹ̀kùn kejì. Bẹ́ǹṣì kan, irin kan, àwo irin díẹ̀ àti olùkọ́ tó mọṣẹ́, ènìyàn mélòó kan á jọ lò wọ́n láàárọ̀, àwọn mìíràn á lò wọ́n nírọ̀lẹ́. Lucy Ejike gba fàdákà ní Sydney. Ó gba wúrà ní Athens àti Beijing, fàdákà ní London, wúrà ní Rio, idẹ ní Tokyo. Ìdíje mẹ́fà léraléra, kò sí èyí tó ti bọ̀ lọ́wọ́ òfo. Àwọn mìíràn tẹ̀ lé e. Wúrà mẹ́ta tí irin gbígbé fún wa ní Tokyo, Latifat Tijani, Bose Omolayo àti Folashade Oluwafemiayo ló gbà wọ́n. Folashade tún gba òmíràn ní Paris pẹ̀lú kílò 167.

Ohun tí wúrà kò sọ

Ìdí mìíràn wà tí kò dùn ún sọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn akọni wọ̀nyí, títí kan Lucy Ejike, ni àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ mú ní kékeré. Ẹni tó ń fi ọwọ́ ti ara rẹ̀ káàkiri lójoojúmọ́ ti ń lo apá àti èjìká kó tó rí irin. Lóṣù Kẹjọ ọdún 2020, wọ́n kéde pé ẹ̀yà àbáláyé kòkòrò àrùn náà ti kúrò ní Áfíríkà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yà mìíràn ṣì ń yọjú níbi tí àwọn ọmọdé kò bá ti gba àjẹsára tó. Ayọ̀ ni. Bí a ò bá tiẹ̀ gba wúrà mọ́ nítorí pé àrùn náà tán, ó tó bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn akàndá ẹ̀dá kò tán láàárín wa. Ọmọ kíláàsì wa kan wà tó ń fi ọ̀pá ìtilẹ̀ rìn, Ẹ̀gbẹ́dá ló ń gbé. Lẹ́yìn Paris, ó bi mí níbo lòun ti lè kọ́ irin gbígbé. Mo ní kó gbìyànjú pápá ìṣeré ńlá ti Sùúrùlérè. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Kí n tó wọ danfo méjì tàbí mẹ́ta débẹ̀, agbára tí mo fẹ́ fi gbé irin á ti tán." Mo ti bá a dúró ní bọ́sítọ́ọ̀bù rí. Kọ̀ndọ́kítọ̀ wo ọ̀pá rẹ̀, ó ní, "Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn." Èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn náà sọ bẹ́ẹ̀.

Òfin wà o. Èkó ṣe tirẹ̀ lórí àwọn akàndá ẹ̀dá lọ́dún 2011. Ti ìjọba àpapọ̀ di òfin lóṣù Kìíní ọdún 2019, ó sì fún àwọn ilé tí gbogbo ènìyàn ń lò ní ọdún márùn-ún láti ṣe ọ̀nà tí àga onítáyà lè gbà. Ọdún márùn-ún yẹn ti pé láti oṣù Kìíní ọdún 2024. Ẹ̀yin náà ẹ ka àtẹ̀gùn tó wà láàárín géètì àti yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ yín.

Nítorí náà, bí wọ́n bá bi yín pé kí ló jẹ́ kí Nàìjíríà mọ irin gbé, ẹ sọ pé eré tí owó rẹ̀ kò pọ̀ ni, ilẹ̀kùn ṣí fún àwọn obìnrin lásìkò, àwọn tó wọlé kò sì ṣeré. Ṣùgbọ́n ẹ fi kún un pé ẹni tó bá lè dé ìdí bẹ́ǹṣì nìkan ni a tíì mọ agbára rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ eré ìdárayá ẹ̀ka wa ń bọ̀. Bọ́ọ̀lù wà níbẹ̀, ayò wà níbẹ̀, fífa okùn wà níbẹ̀. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tẹ́ ẹ ti jáde, tẹ́ ẹ máa ń béèrè ohun tẹ́ ẹ lè ṣe fún wa: bẹ́ǹṣì kan àti irin kan ni a ń tọrọ, ní ìsàlẹ̀ ilé, níbi tí kò ti sí àtẹ̀gùn. Mo mọ ẹni tó máa kọ́kọ́ lò ó.