Bí Ètò Ìlera Ṣe Di Iṣẹ́ Ìjọba Ìbílẹ̀

Bí ẹnì kan bá fẹ́ mọ bí ikú ti ń pa ọmọdé tó nílẹ̀ Yorùbá láyé àtijọ́, kò dìgbà tí ó bá tú ìwé ìjọba kankan. Orúkọ tí àwọn òbí ń sọ ọmọ tó ẹ̀rí. Málọmọ́, Dúrójayé, Dúrósinmí, Bánjókòó, Kòsọ́kọ́, Kúkọ̀yí: òmíràn ẹ̀bẹ̀ ni, òmíràn ìhàlẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí kì í ṣe omijé ìyá kan tí ó ti sin ọmọ méjì tàbí mẹ́ta rí nínú wọn. Àbíkú ni a ń pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀, a sì ń wí pé àbíkú sọ olóògùn dèké. Olúkúlùkù agbo ilé ń sọkún tirẹ̀ lọ́tọ̀, ó ń ṣètùtù tirẹ̀ lọ́tọ̀, ó sì ń sin òkú ọmọ rẹ̀ ní bòókẹ́lẹ́, tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi sí ẹni tí ó jókòó láti bi ara rẹ̀ léèrè pé, Ọmọ mélòó ló kú nínú ìlú wa láàárín ọdún kan, kí ni ó pa wọ́n, mélòó nínú wọn ni à bá sì ti gbà là?

Láti orí ìbéèrè yìí ni gbogbo ohun tí a ń pè ní ètò ìlera ìjọba ìbílẹ̀ lónìí ti ṣẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé púpọ̀ nínú àwọn tí ń jókòó sí ọ́fíìsì káńsù lónìí kò mọ̀ pé ìlú kéékèèké nílẹ̀ Yorùbá wà lára ibi tí a ti kọ́kọ́ dáhùn rẹ̀ tìfuratìfura.

Ìjọba àwọn òyìnbó ti gbìyànjú ṣáájú, agbára òfin ni wọ́n sì fi ṣe é. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1924, tí ó sì ń jà fún ọdún díẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà, Dókítà Isaac Ládipọ̀ Olúwọlé, ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Olúwọlé, wà lára àwọn tí wọ́n dojú kọ ọ́. Òun náà ni ó padà di ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí a fi ṣe olórí oníṣègùn ìlera ìlú ní Èkó. Ìgbà tirẹ̀ ni iṣẹ́ wolé-wolé fẹsẹ̀ múlẹ̀, àwọn ọkùnrin aláṣọ kakí tí ń bojú wo inú ìkòkò omi bóyá tanwíjí wà níbẹ̀, tí ń yẹ ẹ̀yìnkùlé àti ṣáláńgá wò, tí wọ́n sì ń fi ìwé ìpè kóòtù lé onílé tí ó bá ṣe ọ̀bùn lọ́wọ́. Iṣẹ́ ribiribi ni wọ́n ṣe, n kò sì bá àwọn tí ń fi wọ́n ṣẹ̀sín fohùn ṣọ̀kan lọ́nàkọnà. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù ni a fi ṣe ìpìlẹ̀ ètò náà, kò sì sí ará ìlú tí a pè sí ìmọ̀ràn nínú rẹ̀; ní ọjọ́ tí wolé-wolé kò bá yọjú, ẹ̀yìnkùlé a tún padà sí bí ó ti wà.

Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ilẹ̀ ọmọ Ọwá Obòkun, ni ọgbọ́n mìíràn ti yọ. Ní ọdún 1956 ni oníṣègùn ọmọdé kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, David Morley, dé ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà. Ohun tí ó bá níbẹ̀ ni èyí tí gbogbo nọ́ọ̀sì mọ̀ dáadáa: wọn a wo ọmọ sàn kúrò nínú ikọ́ líle, kò ní pẹ́ tí wọn yóò tún gbé e dé pẹ̀lú ìgbẹ́ gbuuru, ara rẹ̀ a ti rù hangogo, nígbà tí wọ́n bá sì gbé e dé lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ̀pa kò ní bóró mọ́. Dókítà náà rí i pé ẹni tí ó bá jókòó sí ilé ìwòsàn tí ó ń dúró de aláìsàn yóò máa gba omi inú ọkọ̀ dànù títí ni, láìdí ihò tí omi ń gbà wọlé. Nítorí náà ni ó ṣe gba ìlú Ìmẹ̀sí-Ilé lọ, ìlú tí orúkọ rẹ̀ kò lè parẹ́ nínú ìtàn ogun Kírìjì, kí ó baà lè mọ bí ọmọdé ti ń gbé, bí ó ti ń jẹ, bí ó ti ń ṣàìsàn, àti bí ó ti ń kú, nínú ilé ìyá rẹ̀ gan-an.

Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ ni òun àti àwọn nọ́ọ̀sì rẹ̀ ń tọ̀ lẹ́yìn láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí wọn títí di ọmọ ọdún márùn-ún. Wọ́n dá ibi ìtọ́jú ọmọdé tí kò tíì pé ọdún márùn-ún sílẹ̀, níbi tí ọmọ tí ara rẹ̀ le àti ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá ti ń pàdé, tí a ń fún wọn ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, tí a ń gbé wọn lé òṣùwọ̀n, tí a sì ń bá ìyá wọn sọ̀rọ̀ nípa oúnjẹ, gbogbo rẹ̀ ní ojúkan náà àti ní ọjọ́ kan náà. Ibẹ̀ ni káàdì tí a mọ̀ sí Ọ̀nà Ìlera ti jáde: ìlà méjì tí a ti tẹ̀ sórí rẹ̀ ṣáájú ní ń fi ibi tí ó yẹ kí ìwọ̀n ọmọ máa bá lọ hàn, nọ́ọ̀sì a sì máa fi àmì sí ìwọ̀n ọmọ lóṣooṣù, tó bẹ́ẹ̀ tí ìyá tí kò mọ ìwé kà rárá fi lè rí i fúnra rẹ̀ pé ọmọ òun ń gòkè, tàbí pé ó dúró sójú kan, tàbí pé ó ti ń yẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà, kí àìsàn gan-an tó gbé e dè.

Ohun tí ó wú mi lórí jù lọ nínú ọ̀rọ̀ káàdì yìí ni pé wọn kò tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù ọ́fíìsì. Ìyá ọmọ ni wọ́n fún, òun ni ó ń gbé e lọ sílé, òun ni ó sì ń gbé e padà wá. Láyé ìgbà náà, tí dókítà ka ìwé aláìsàn sí ohun tí ojú aláìsàn kò gbọdọ̀ rí, ìgboyà ńlá ni kí a gbé àkọsílẹ̀ ìlera lé obìnrin abúlé lọ́wọ́, kí a sì fọkàn tán an pé kò ní sọ ọ́ nù. Ikú ọmọdé dín kù ní Ìmẹ̀sí-Ilé, káàdì náà sì tàn dé orílẹ̀-èdè púpọ̀ ní àgbáyé. Ibẹ̀ kan náà ni Morley ti fi yé àwọn oníṣègùn ayé pé èéyi, tí àwọn ará Yúróòpù ti ń fojú àìsàn kékeré wò, apani ni lára ọmọ tí kò rí oúnjẹ aṣaralóore jẹ.

Ní ọdún 1963, Yunifásítì Ìbàdàn náà gbé ẹsẹ̀ lé irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ nígbà tí ó dá ètò ìlera Ìbàràpá sílẹ̀, tí ó fi Ìgbò-Ọrà, ìlú ìbejì, ṣe ibùdó. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ń kúrò ní Ìbàdàn lọ gbé níbẹ̀, wọ́n ń wọ agbo ilé, wọ́n ń mọ kànga àti ọjà, kí wọ́n lè mọ̀ pé kì í ṣe orí ibùsùn ilé ìwòsàn ni àìsàn ti ń bẹ̀rẹ̀. Nínú Ìbàràpá méje, Ìdèrè ni mo fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀, nítorí àrùn aràn tí a ń pè ní sòbìà.

Àwọn àgbà ní kí sòbìà tó degbò, olúgànńbe là á ké sí. Ẹni tí kò bá rí sòbìà rí kò lè mọ ìdí tí òwe yìí fi wúwo tó bẹ́ẹ̀. Inú omi adágún ni ènìyàn ti ń mu ún láìmọ̀. Á tó nǹkan bí ọdún kan kí aràn náà, tí ó lè gùn tó mítà kan, tó dá ẹsẹ̀ lu jáde pẹ̀lú ìrora bí iná, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí iṣẹ́ oko àti ìrìn ọjà ń lọ lọ́wọ́ ni ó sì sábà máa ń yọ, tó bẹ́ẹ̀ tí àgbẹ̀ á dùbúlẹ̀ sílé, tí ìyálọ́jà kò ní lè na ọjà. Bí aláìsàn bá ti ẹsẹ̀ bọ adágún náà, ó ti fi irúgbìn aràn mìíràn sínú omi tí gbogbo ìlú yóò mu nìyẹn. Nígbà tí àwọn olùkọ́ ètò ẹ̀kọ́ ìlera láti Yunifásítì Ìbàdàn ń ṣiṣẹ́ ní Ìdèrè, wọ́n bá ọ̀pọ̀ ènìyàn tí wọ́n gbà pé sòbìà wà lára olúkúlùkù láti inú ìyá rẹ̀ wá. Bí ó bá jẹ́ ti wolé-wolé ni, ìwé kóòtù ni ì bá já. Àwọn olùkọ́ wọ̀nyí jókòó ti àwọn ará ìlú, wọ́n kọ́ àwọn tí àwọn ará abúlé fúnra wọn yàn ní iṣẹ́ ìlera, àwọn aránṣọ ìlú sì ń rán aṣọ asẹ́ tí a fi ń sẹ́ omi mímu, tí wọ́n ń tà á fún àwọn aládùúgbò wọn. Nígbà tí a ka àwọn aláìsàn káàkiri Nàìjíríà ní ìparí àwọn ọdún 1980, àwọn tí sòbìà ń dà láàmú lé ní 650,000. Ní ọdún 2008 ni a rí ẹni ìkẹyìn, ní 2013 ni àjọ ìlera àgbáyé sì jẹ́rìí sí i pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀ lórílẹ̀-èdè yìí. Kì í ṣe oògùn ni ó ṣe é, nítorí kò sí oògùn rẹ̀; kànga, aṣọ asẹ́ àti àbẹ̀wò láti ilé dé ilé ni.

Ìjọba àpapọ̀ pẹ́ kí ó tó gba ẹ̀kọ́ yìí. Ètò ìlera tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1975 fi ọkàn sí ilé àti ohun èlò ju àwọn ènìyàn tí yóò lò wọ́n lọ, kò sì dé ibi tí à ń rò. Àmọ́ ní 1976, àtúntò sọ ìjọba ìbílẹ̀ di ọ̀kan náà ní gbogbo Nàìjíríà, 301 ni wọ́n nígbà náà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1978, orílẹ̀-èdè 134 péjọ sí Alma-Ata ní ilẹ̀ Kasakísítáànì, wọ́n sì pinnu pé ìtọ́jú alábọ́ọ́dé tí ó súnmọ́ ilé àwọn ènìyàn ni ọ̀nà tí ìlera fi lè kárí gbogbo ayé. Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1979 sì fún ìjọba ìbílẹ̀ ní ipa tirẹ̀ nínú ìpèsè ìlera. Igi ti wà nílẹ̀, okùn ti wà nílẹ̀, ó ku ẹni tí yóò di ẹrù.

Ẹni náà ni Olíkóyè Ransome-Kuti, Ẹ̀gbá ọmọ Líṣàbí, ọmọ Àlùfáà Israel Olúdọ̀tun àti Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti. Ọmọ ekùn kì í jọ ẹran. Ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìtọ́jú ọmọdé ni ní Yunifásítì Èkó, ó sì ti bá àwọn ìyálọ́mọ lò fún ọdún gbọgbọrọ kí ó tó di mínísítà ìlera ní 1985. Kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ilé kíkọ́. Ní 1986 ó mú ìjọba ìbílẹ̀ 52, ó so ọ̀pọ̀ wọn mọ́ àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn, ó sì ní kí wọ́n kọ́kọ́ kọ nọ́ńbà sára ilé, kí wọ́n kọ orúkọ àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún àti ti àwọn obìnrin tí ó lè bímọ, kí wọ́n dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ láti abúlé dé àgbègbè dé ìjọba ìbílẹ̀, kí baálẹ̀, agbẹ̀bí, olórí ìsìn àti ìyálọ́jà sì ní àga nínú rẹ̀. Káàdì ọmọ tí a bí ní Ìmẹ̀sí-Ilé, àbẹ̀wò ilé-dé-ilé ti Ìbàràpá, gbogbo wọn ló rí àyè nínú ètò yìí. Nígbà tí ọdún 1990 fi dé, iṣẹ́ ìtọ́jú alábọ́ọ́dé ti di ti ìjọba ìbílẹ̀ jákèjádò orílẹ̀-èdè. Ní 1992 sì ni a dá àjọ tí yóò máa ṣe àmójútó rẹ̀ sílẹ̀.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí Olíkóyè fi ipò mínísítà sílẹ̀ bà mí nínú jẹ́ gidigidi. Owó ìjọba ìbílẹ̀ di ohun tí ó ń gba ọwọ́ ìpínlẹ̀ kọjá, owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ń pẹ́, àwọn ìgbìmọ̀ abúlé kò pàdé mọ́, nọ́ńbà ara ilé parẹ́, kò sì sí ẹni tí ó tún un kọ. Ìwádìí tí a ṣe ní 2003 fi hàn pé nínú 100 ọmọ tí ó ti lé ní ọdún kan díẹ̀, nǹkan bí 13 péré ni ó gba gbogbo abẹ́rẹ́ àjẹsára pé. Ọdún yẹn náà, ní oṣù kẹfà, ni Olíkóyè kú.

Àtúnṣe ti ń bẹ̀rẹ̀. Láti 2011 ni ìlànà tuntun ti ń kó àwọn òṣìṣẹ́ ìlera alábọ́ọ́dé jọ sábẹ́ ìgbìmọ̀ kan ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Òfin ìlera ti 2014 sì ní kí ìjọba àpapọ̀ máa yọ ó kéré tán náírà kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ń wọlé fún un sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú yìí. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ pé owó ìjọba ìbílẹ̀ 774 gbọ́dọ̀ máa tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́ tààrà. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kù sí nìyí: owó ti di ti káńsù, òṣìṣẹ́ sì wà lábẹ́ ìpínlẹ̀, bí àwọn méjèèjì kò bá jókòó kọ ọ́ sílẹ̀ ta ni yóò sanwó nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù, ta ni yóò ra epo sínú ẹ̀rọ tí ń mú abẹ́rẹ́ àjẹsára tutù, ta ni yóò sì san owó iṣẹ́ fún àwọn tí yóò tún orúkọ ọmọdé kọ láti ilé dé ilé, káńsù á máa na ìka sí ìpínlẹ̀, ìpínlẹ̀ á máa na ìka sí káńsù. Alága káńsù tí ó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́la kò níláti dúró de kọngílá kankan: ìwé, kálàmù, àti ọ̀dọ́ méjì ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan tí àwọn ará ilé mọ̀ dáadáa tó láti ka ọmọ.