Ta Ni Ó Kọ́kọ́ Yí Ayé Po?

Bí a bá bi ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ léèrè pé ta ni ó kọ́kọ́ fi ọkọ̀ ojú omi yí ayé po, kíá ni yóò dáhùn pé Magellan ni. Ìdáhùn náà kò tọ̀nà. Ferdinand Magellan, ọmọ Pọtogí tí ó ń sin ọba Sípéènì, kò padà délé. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹrin ọdún 1521 ni àwọn ará erékùṣù Mactan, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Filipíìnì lónìí, pa á lójú ìjà. Àwọn atukọ̀ tí a kì í sábà dárúkọ ni ó parí ìrìn-àjò náà. Ó yẹ kí a mọ ohun tí ojú wọn rí.

Ọkọ̀ márùn-ún ni ó ṣí ní èbúté Sanlúcar ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1519, pẹ̀lú ènìyàn bí 240. Ọ̀kan fọ́ ní etíkun Amẹ́ríkà ti Gúúsù. Òmíràn, San Antonio, sá padà sí Sípéènì pẹ̀lú ọ̀pọ̀ oúnjẹ. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kọkànlá ọdún 1520, mẹ́ta tí ó kù bọ́ sínú òkun Pàsífíìkì, láìmọ̀ bí ó ti fẹ̀ tó.

Antonio Pigafetta, ará Ítálì tí ó bá wọn lọ, kọ ọ́ sílẹ̀ pé fún oṣù mẹ́ta àti ogúnjọ́, wọn kò fi ẹnu kan oúnjẹ tútù. Bisikíìtì wọn di lẹ́búlẹ́bú, ìdin kún un, ó sì ń rùn fún ìtọ̀ eku. Omi mímu pọ́n, ó rà. Wọ́n tú awọ màlúù tí a fi bo igi ìgbòkun, wọ́n rẹ ẹ́ sínú òkun fún ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún, wọ́n yan án lórí ẹyin iná, wọ́n sì jẹ ẹ́. Eku kan di ìdajì dúkátì, owó wúrà ayé ìgbà náà. Síbẹ̀ kò tó rà. Erìgì wọn wú bo eyín tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kò lè jẹun mọ́. Pigafetta ka ènìyàn 19 tí àìsàn náà pa. Lónìí a mọ̀ pé àìjẹ èso àti ewébẹ̀ tútù ni ó fà á. Ọsàn díẹ̀ ìbá gbà wọ́n là.

Ẹrú kan tún wà láàrin wọn, Enrique, ògbufọ̀ Magellan. Magellan ti kọ ọ́ sínú ìwé ìhágún rẹ̀ pé bí òun bá kú, kí Enrique di òmìnira. Ọ̀gá kú tán, àwọn tí ó gba ipò rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀. Ní ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún ọdún 1521, ọba Cebu pè wọ́n wá jẹ àsè, wọ́n sì pa ọ̀pọ̀ nínú wọn níbẹ̀. Pigafetta ní Enrique ni ó lẹ̀dí àpò pọ̀ mọ́ ọba náà. Ẹrú ní baba, ọ̀nà ni ó jìn.

Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1522, ọkọ̀ kan ṣoṣo, Victoria, gúnlẹ̀ sí Sanlúcar pẹ̀lú ẹrù kànáfùrù. Juan Sebastián Elcano ni ọ̀gá rẹ̀. Ènìyàn 18 péré ni ó wà nínú rẹ̀. Ọba fún Elcano ní àmì ọlá tí a ya àwòrán ayé sí.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, nígbà tí ẹ bá ń dárúkọ àwọn ọ̀gá ọkọ̀ fún àwọn ọmọ wa, ẹ dárúkọ ebi àwọn atukọ̀ pẹ̀lú. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń tẹ̀lé aṣíwájú, tàbí tí ẹ jẹ́ aṣíwájú, ẹ rántí Enrique: ìlérí tí a ṣe fún ẹni ìsàlẹ̀, gbèsè ni. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí.