Ọkàn tí Ebi Ń Pa

Nínú èdè Yorùbá, ọ̀rọ̀ kan náà, 'ọkàn', ni a fi ń pe ibi tí èrò ń gbé àti ẹ̀yà ara tí ń ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri. Nítorí náà, bí a bá ní ọkàn ẹnìkan rẹ̀wẹ̀sì, ìbànújẹ́ ni olùgbọ́ yóò kọ́kọ́ rò. Ṣùgbọ́n ẹ̀yà ara náà pàápàá a máa rẹ̀wẹ̀sì. Ẹni tí ó bá ṣe yóò máa mí gúlegúle bí ó bá rìn díẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò wú, kò sì ní lè fi ẹ̀yìn lélẹ̀ sùn. Ará ilé lè pè é ní ọ̀lẹ. Kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ nínú irú ọkàn bẹ́ẹ̀?

Ọkàn a máa lù ní nǹkan bí ìgbà 100,000 lóòjọ́. Nínú sẹ́ẹ̀lì iṣan rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni àwọn ẹ̀yà tíntìntín tí à ń pè ní maitokọ́ńdíríà wà. Wọ́n gba nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àyè inú sẹ́ẹ̀lì náà. Ààrò ọkàn ni wọ́n. Wọ́n ń fi ọ́síjìn sun ọ̀rá àti ṣúgà, ọ̀rá ni ó sì pọ̀ jù, láti ṣe ATP, èròjà tí ń gbé agbára fún iṣan. ATP tí ọkàn ń ṣe, tí ó sì ń ná lóòjọ́, tó nǹkan bíi kìlógíráàmù 6. Bẹ́ẹ̀ èyí tí ó wà nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kò lè tó o ju ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan lọ. Ọkàn kò ní àká: ohun tí ó bá sè ni ó ń jẹ.

Bí ẹ̀jẹ̀ ríru bá ti fún ọkàn ní iṣẹ́ àṣejù fún ọdún púpọ̀, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ kò dé apá kan rẹ̀, ààrò wọ̀nyí a bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Agbára wọn láti sun ọ̀rá a dínkù. Bí ààrò tí kò jó dáadáa ti ń rú èéfín, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń tú èròjà olóró jáde láti ara ọ́síjìn, tí ó sì ń ba ara wọn jẹ́. Nínú ọkàn tí àárẹ̀ rẹ̀ ti wọra, ATP lè fi nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 dínkù. Àwọn àgbà ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ọkàn náà kò lè súnkì dáadáa láti ti ẹ̀jẹ̀ jáde. Kò sì lè dẹ̀ dáadáa láti gba òmíràn, nítorí pé dídẹ̀ pàápàá ń ná ATP.

Ó pẹ́ kí ìṣègùn tó gba ẹ̀kọ́ yìí. Nígbà kan, oògùn tí yóò lé ọkàn sáré ni a gbójú lé. Ní 1991, ìwádìí fi hàn pé àwọn aláìsàn tí ń gbé milrinone mì kú ju àwọn tí kò lò ó lọ. Ní 1999, ìwádìí ńlá méjì fi hàn pé bisoprolol àti metoprolol, tí ń jẹ́ kí ọkàn lù pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ń dín ikú kù. Ẹṣin tí ebi ń pa kò fẹ́ pàṣán.

Ní 2012, ìwádìí lórí aláìsàn 1,006 ní orílẹ̀-èdè Áfíríkà 9, Nàìjíríà pẹ̀lú, fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó ń fa àárẹ̀ ọkàn jù lọ, àti pé ìpíndọ́gba ọjọ́ orí wọn jẹ́ ọdún 52 péré. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí àgbàlagbà máa wọn ìfúnpá rẹ̀ kí ààrò tó kú. Ẹni tí mímí sì ń ni lára, ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ. Kì í ṣe ọ̀lẹ.