Irun Àgbọ̀nrín Tó Ń Yí Ara Ìwọ̀ Po: Bí Wọ́n Ṣe Ń Ṣe Orí Muddler Minnow

 Tó bá jẹ́ pé ẹ máa ń wo fídíò lórí fóònù lóru bíi tèmi, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti rí èyí: ọkùnrin kan fi ìwọ̀ ẹja há ẹnu fáìsì kékeré, ó gbé ìdì irun ẹran lé e, ó fi òwú wé e lẹ́ẹ̀mejì, ó fà á. Lójijì, irun náà tú ká, ó yí ara ìwọ̀ po bíi búrọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi ń fọ ìgò. Ẹ̀yin náà á rò pé idán ni. Inú irun yẹn gan-an ni idán ọ̀hún wà.

Àwọn apẹja kan wà lókè òkun tí kì í fi ekòló sẹ́nu ìwọ̀. Ìyẹ́, irun àti òwú ni wọ́n fi ń ṣe ìjẹ ẹ̀tàn tó jọ kòkòrò tàbí ẹja wẹ́wẹ́. “Fly” ni wọ́n ń pè é, ìyẹn eṣinṣin, àmọ́ tòní kò jọ eṣinṣin rárá. Muddler Minnow lorúkọ rẹ̀. Don Gapen ló ṣe é ní nǹkan bí ọdún 1937, lágbègbè odò Nipigon ní Ontario, ní Kánádà. Ẹja trout inú odò náà fẹ́ràn láti máa jẹ ẹja kékeré kan tó ń jẹ́ sculpin, tó máa ń sá pamọ́ sábẹ́ òkúta. Orí sculpin fẹ̀, ara rẹ̀ sì rí tín-ín-rín. Gapen fi ìyẹ́ tòlótòló ṣe ìrù àti apá, ó fi irun ọ̀kẹ́rẹ́ sábẹ́ apá, ó fi tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń dán bíi wúrà wé ara. Orí fífẹ̀ yẹn ló kù, irun àgbọ̀nrín ló sì yanjú rẹ̀. Nígbà tó yá, Dan Bailey, tó ní ṣọ́ọ̀bù ìpẹja ní Livingston, ní Montana, polongo rẹ̀ títí òkìkí fi kàn.

Àgbọ̀nrín ilẹ̀ òtútù ni mo ń sọ o, kì í ṣe ẹran ìgbẹ́ tí wọ́n ń gbé kọ́ sójú ọ̀nà márosẹ̀ wa. Afẹ́fẹ́ ló kún inú irun ara rẹ̀. Àwọn kan máa ń sọ pé ó ṣófo bíi sítírọ́ọ̀, kò rí bẹ́ẹ̀ tán. Yàrá wẹ́wẹ́ ló kún inú rẹ̀ bíi fóòmù, afẹ́fẹ́ sì wà nínú wọn. Òun ni ẹran náà fi ń móoru nínú yìnyín, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fẹ́ràn irun ìgbà òtútù. Ẹ fi okùn fún fóòmù bẹ́ẹ̀dì láàárín kẹ́ ẹ wò ó: ibi tí okùn wà á rún wọlé, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì á yọ síta. Ohun tí irun yìí ń ṣe gan-an nìyẹn. Bí òwú ṣe ń fún un, bẹ́ẹ̀ ló ń wọ́ ọ kiri ara ìwọ̀.

Ibi tí orí máa wà lára ìwọ̀ gbọ́dọ̀ wà ní ìhòòhò, torí tí òwú bá ti pọ̀ níbẹ̀, irun kò ní yí. Ẹ gé ìdì irun tó nípọn tó pẹ́ńsù, kẹ́ ẹ fi kóòmù yọ gbogbo irun múlọ́múlọ́ ìdí rẹ̀. Ẹ má fojú di èyí, torí irun múlọ́múlọ́ yẹn máa ń so ìyókù pọ̀ ni. Ẹ wé òwú lẹ́ẹ̀mejì láìfún un, kẹ́ ẹ wá fà á díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ sì jọ̀wọ́ irun náà lọ́wọ́. Ẹ̀rù máa ń ba àwọn tó ń kọ́ṣẹ́, wọ́n á di irun mú pinpin, gbogbo rẹ̀ á sì dúró sórí ìwọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Òwú tó lágbára ni kẹ́ ẹ lò. Tó bá já nígbà tẹ́ ẹ̀ ń fà á, irun á fọ́n ká orí tábìlì.

Ẹ fi ìka ti irun náà sẹ́yìn, kẹ́ ẹ fi ìdì mìíràn síwájú rẹ̀, títí dé ojú ìwọ̀. Ẹ ta kókó. Ní báyìí, ó ti rí játijàti bí orí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Bíléèdì ló kù.

Abẹ́ orí yẹn ni kẹ́ ẹ ti kọ́kọ́ gé e, kẹ́ ẹ gé e pẹrẹsẹ. Tí irun bá dí àlàfo tó wà láàárín ẹnu ìwọ̀ àti ara rẹ̀, ẹja á gbé e mì, ẹnu ìwọ̀ kò ní ríbi wọlé, ẹja á tu ú dànù. Orí tó rẹwà fún fọ́tò pọ̀ lórí Instagram tí kò lè mú ẹja kan ṣoṣo! Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ gé òkè àti ẹ̀gbẹ́, kẹ́ ẹ fi ṣóńṣó irun díẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn bíi kọ́là.

Tẹ́ ẹ bá ń fa orí fífẹ̀ yìí nínú omi, ó máa ń ti omi síwájú, ẹja sì ní ìlà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara tó fi ń mọ irú ìgbì bẹ́ẹ̀, kódà nínú omi dúdú. Orí tí wọ́n dì pọ̀ gírígírí máa ń pẹ́ kó tó rì. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó tètè rì, ẹ fún un mọ́ ìka lábẹ́ omi kẹ́ ẹ tó jù ú, kí afẹ́fẹ́ tó há sáàárín irun jáde. Á lọ tààrà síbi tí sculpin ń gbé, nísàlẹ̀ láàárín òkúta.