Ìwọ̀n Eku ni Ìwọ̀n Ìtẹ́

Ẹ̀yin ará wa ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìsẹ̀, ní Ẹ̀múré àti ní gbogbo gúúsù Èkìtì, àti ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà ní ìdálẹ̀, ọ̀rọ̀ ilé ni a fẹ́ bá yín sọ lónìí. Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kí onílé má re ilé. Nítorí náà ni ọmọ wa tí ó ń ṣiṣẹ́ ní London tàbí ní Houston kò fi lè gbàgbé ilé bàbá rẹ̀. Bí ó bá wọ ilé ìtajà ńlá bíi B&Q, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Southampton ní ọdún 1969, tàbí Home Depot, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1978, tí ó rí ìlẹ̀kùn, páìpù, fìtílà àti ọ̀dà tí wọ́n tò bí iṣu inú abà, ọkàn rẹ̀ a fà sí wọn. A rà wọ́n, a kó wọn sínú kọ̀ńténà, ó di èbúté Àpápá. Ìfẹ́ ilé ni ó mú un ṣe bẹ́ẹ̀, ìfẹ́ ilé kò sì ní ẹ̀gàn. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ tí kò ní ìṣirò nínú a máa ná ni lówó púpọ̀.

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ìlẹ̀kùn yàrá tí ó wọ́pọ̀ jù ní ọjà àwọn Gẹ̀ẹ́sì ga ní ẹsẹ̀ bàtà 6 àti ínǹṣì 6, ó sì fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 2 àti ínǹṣì 6. Ẹnu ọ̀nà tí àwọn bíríkìlà wa ń fi sílẹ̀ a sábà ga tó ẹsẹ̀ bàtà 7, a sì fẹ̀ tó 3. Ẹni tí ó ra irú ìlẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ láì béèrè ìwọ̀n ti dá iṣẹ́ mìíràn sílẹ̀ fún bíríkìlà, nítorí wọn yóò ní láti tún ẹnu ọ̀nà náà mọ kí ó lè kéré. Èyí tí ó tún burú ni pé púpọ̀ nínú àwọn ìlẹ̀kùn olówó pọ́ọ́kú wọ̀nyí kì í ṣe ojúlówó igi: pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni òde rẹ̀, pépà ni inú rẹ̀. Bí òjò bá ti fẹ́ sí i, a wú.

Ti iná mànàmáná le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Iná Nàìjíríà àti ti Ìlú Ọba sún mọ́ ara wọn, volt 230 sí 240. Volt 120 ni iná inú ilé ní Amẹ́ríkà. Ohun èlò tí wọ́n ṣe fún 120 nìkan, bí a bá kì í bọ iná wa, èéfín ni yóò fi dá wa lóhùn. Ẹnu páìpù Amẹ́ríkà pàápàá kò bá tiwa mu rẹ́gí. Omi yóò máa jò níbẹ̀. Bákan náà, òfin àwọn asọ́bodè wa kò gba sìmẹ́ńtì inú àpò tàbí fíríìjì àlòkù wọlé. Ẹni tí ó bá kó wọn mọ́ ẹrù ń fi gbogbo ẹrù yòókù wewu. Kí ni a tilẹ̀ fẹ́ fi sìmẹ́ńtì òkèèrè ṣe, nígbà tí Ewékorò ti ń ṣe é láti ọdún 1960, tí Obajana ní Kogi kò sì jìnnà sí wa?

Ẹ jẹ́ kí a rántí ìtàn. Ọlọ́wẹ̀, ọmọ bíbí Ẹ̀fọ̀n Aláayè tí ó fi Ìsẹ̀ ṣe ilé, tí ó sì ṣiṣẹ́ fún Arínjalè, ni ó gbẹ́ ìlẹ̀kùn sí ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́ láàárín nǹkan bí ọdún 1910 sí 1914. Ní ọdún 1924, wọ́n gbé ìlẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ ńlá tí ó wáyé ní Wembley. Àwọn ará British Museum rí i, wọ́n sì fẹ́ ẹ. Ògògà kò tà á. Ìtẹ́ tí wọ́n ṣe ní Ìlú Ọba ni ó gbà dípò rẹ̀. Ọwọ́ ilé-iṣẹ́ náà ni ìlẹ̀kùn Ìkẹ́rẹ́ wà títí di òní. Ìlú tí aráyé ń wo ìlẹ̀kùn rẹ̀ ní London, ṣé ibẹ̀ ni ó yẹ kí a máa fi ìlẹ̀kùn pépà ránṣẹ́ sí láti London?

A mọ èsì tí àwọn ọmọ wa yóò fọ̀. Wọn yóò ní, "Kì í ṣe pé a kò mọ̀ pé káfíńtà wà nílé. Owó ni a fi ránṣẹ́ tẹ́lẹ̀, tí a kò rí òrùlé, tí a kò rí owó." Òtítọ́ ọ̀rọ̀ ni, ó sì dùn wá láti gbọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ ìgbà, kì í ṣe pé ọjà òkèèrè dára jù ni ó mú kí wọ́n rà á. Ìbẹ̀rù ìbátan ni. Àwa tí a wà nílé ni a gbọ́dọ̀ tún èyí ṣe. Àbúrò tí ó fi owó páànù ìyá rẹ̀ ṣe àríyá kò ja ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìkan lólè. Ó já oúnjẹ gbà lẹ́nu káfíńtà, bíríkìlà àti àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn. Òjò sì ń rọ̀ lé ìyá àgbà lórí.

Ẹ̀yin olùkọ́, iṣẹ́ yín nìyí. Ẹ̀yin ni ẹ mọ ìwọ̀n, tí àwọn ènìyàn sì gbẹ́kẹ̀ lé. Ẹ bá àwọn òbí tí kò mọ̀wé wọn yàrá, ẹnu ọ̀nà àti òrùlé, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kedere ránṣẹ́. Kí ọmọ tí ó wà ní òkè òkun san owó pákó fún ẹni tí ń tà á gan-an, kí ó sì san owó oníṣẹ́ ní ìpín ìpín, bí àwòrán iṣẹ́ tí ó parí bá ti ń tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Bí ó bá ṣì fẹ́ ra nǹkan ránṣẹ́, kí ó ra ohun tí kò wúwo, tí yóò sì pẹ́: kọ́kọ́rọ́ tí ó lágbára, ayùn, ìfági àti okùn ìwọ̀n gidi fún àwọn oníṣẹ́ wa.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹgbẹ́ yòówù tí ẹ bá wà, nígbà tí olùdíje bá wá tọrọ ìbò ní Ìkẹ́rẹ́ tàbí ní Ẹ̀múré, ẹ bi í léèrè irinṣẹ́ tí yóò kó sí ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Ọlọ́wẹ̀ kú ní ọdún 1938. Àwọn ọmọ tí ó lè di irú rẹ̀ wà láàárín wa, iṣẹ́ ni wọ́n ń retí. Ẹ jẹ́ kí a gbé e fún wọn.